Fídíò Bàbá Láwàlì Tó Sọnù Sínú Kọ̀ǹpútà Wa

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ìfẹ́sowápọ̀,
Mowe,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025.

Qudrah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni lẹ́tà yìí bá ọ nílé? Bàbá Nusaybah ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Nusaybah fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé o ṣì ń bá a jà pé kó fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, àbí o ti gbà fún un? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń lo oògùn ojú tí dókítà kọ fún wọn, àbí wọ́n ṣì ń sọ pé agbo làwọn mọ̀? Bá mi kí gbogbo wọn. Èmi náà wà o. Ara le, àmọ́ inú ń bí mi láti ọjọ́ kejìlá sẹ́yìn, n kò sì rí ẹni tí mo lè rò ó fún tí kò ní máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo mọ̀ pé wàá bi mí pé kí ló dé tí n kò fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ṣe máa ń ṣe. Mo gbìyànjú rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi, ariwo lásán ni, mo bá pa á rẹ́. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá ìbínú náà á rọlẹ̀ díẹ̀ kí n tó dé ìsàlẹ̀ ìwé.

O mọ̀ pé ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti wà níléeṣẹ́ tó ń ta ilẹ̀ níbí. Èmi ni mò ń ya fọ́tò àti fídíò àwọn ilẹ̀ náà, tí mò ń tún wọn ṣe, tí mo sì ń gbé wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí àwọn ará Èkó lè rí i. Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Olúwajùwọ́n, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó máa ń kí èèyàn, kì í jẹ́ kí owó oṣù pẹ́. Ṣùgbọ́n Qudrah, tí o bá rí ibi tí wọ́n ń kó fáìlì sí níléeṣẹ́ yìí, ìwọ tí o jẹ́ olùtọ́jú ìwé, o ò ní lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Háàdì dísìkì mẹ́ta ni, kọ̀ǹpútà méjì, fóònù iléeṣẹ́ kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, àti ọ̀rá dúdú kan tí káàdì kámẹ́rà mọ́kànlá wà nínú rẹ̀. Fáìlì tó wà nínú gbogbo rẹ̀ lé ní ẹgbàá mẹ́wàá. Gbọ́ orúkọ wọn: "Fáínà". "Fáínà Tuntun". "Fáínà Tó Kẹ́yìn". "Èyí Ni Fáínà Gan-an". "Má Fọwọ́ Kàn Án". Ẹnì kan tún wá ṣe "Má Fọwọ́ Kàn Án Kejì". Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ tiwa, ẹni tó bá ń sọ fáìlì lórúkọ, ojú ọ̀nà ló ń wò, ó fẹ́ tètè máa lọ sílé. Láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀ ni mo ti ń sọ pé ẹ jẹ́ ká tò ó. Ọ̀gá á ní, "Tí ọwọ́ bá dilẹ̀." Ọwọ́ kò dilẹ̀ rí.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí màmá kan tó ń jẹ́ Sùwéébátù fi wọlé ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Obìnrin àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n á ti tó ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ẹ̀yìn ẹ́sítéètì wa lójú ọ̀nà Ọ̀fàdà ni ilé wọn wà, yàrá méjì, oko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn, igi ọ̀pẹ mẹ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n wọn ni Bàbá Láwàlì, olórí ẹbí tó ta ilẹ̀ fún iléeṣẹ́ wa lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Bàbá náà kú lọ́dún tí wọ́n tà á gan-an, kó tó di Iléyá. Ní báyìí, àwọn òṣìṣẹ́ wa ti ri òpó sìmẹ́ńtì ààlà kọjá ẹ̀yìn ilé Màmá, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa fa àmì sára ògiri wọn. Katakata ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e.

Màmá kò pariwo. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ká ìborùn wọn sórí itan, wọ́n ní ibi tí àwọn ń gbé kò sí lára ohun tí ẹ̀gbọ́n àwọn tà. Wọ́n ní bàbá àwọn ló fún àwọn nígbà tí àwọn bí àkọ́bí, ẹ̀gbọ́n àwọn sì sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ tí wọ́n rin ààlà. Ará ibẹ̀ pọ́ńbélé ni wọ́n, "wọ́n" lẹ́nu tiwọn, "wẹ́n" ni.

"Wẹ́n gbé kámẹ́rà wá lọ́jọ́ náà," wọ́n ní. "Ẹ wò ó nínú kámẹ́rà yín."

Ohun tó wà nínú ìwé ni pé láti odò títí dé títì ni Bàbá tà, ilé Màmá sì wà láàárín. Ọ̀gá fi ìwé náà hàn wọ́n, ó wá fi ẹ̀rín kún un. Ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Òótọ́ ni pé fídíò wà, ẹ̀rí tiwa gan-an sì ni. Bàbá sọ níbẹ̀ pé gbogbo rẹ̀ làwọn tà. Ẹ padà wá ní Ọjọ́bọ̀, ẹ máa fojú ara yín rí i." Ó yíjú sí mi. "Jọmílójú, wá fídíò yẹn jáde. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

Ìṣẹ́jú márùn-ún! Qudrah, mo gbé orí mi lé tábìlì.

Mo tẹ "Láwàlì" sínú kọ̀ǹpútà. Kò sí nǹkan kan. Mo tẹ "ààlà". Kò sí. Mo tẹ "Ọ̀fàdà", fáìlì tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló yọ lójú mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mẹ́jọ nínú wọn sì jẹ́ fọ́tò ìrẹsì tí ẹnì kan rà jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó yà á kó tó jẹ ẹ́. Mo ní ó dáa, jẹ́ kí n fi ọjọ́ wá a, torí mo mọ oṣù tí wọ́n rin ààlà náà. Àṣé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra kámẹ́rà àtijọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ṣe déètì inú rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2015 ló kọ sára gbogbo ohun tó yà. Wọn ò tíì dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà yẹn! Ibi tí mo ti ń wò ó báyìí ni iná ti lọ, ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ ní kò sí epo.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Fídíò kan tí wọ́n fi dúróònù yà láti òkè, mo rí i ní ọ̀nà mẹ́rìnlá, orúkọ mẹ́rìnlá, ibi mẹ́rìnlá. Lásán ni mo ń gbé ọkàn sókè. Mo rí ìpàdé tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo rí ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún bàtà ẹnì kan tó gbàgbé láti pa kámẹ́rà. Ojú mi ti ń ṣomi nígbà tí Ọ̀gá kọjá, ó yọjú.

"O ò tíì rí i? Ṣebí ibi tí wọ́n ti ń wá nǹkan wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn, o kàn máa kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ ni."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bi í pé orúkọ wo. Mo gbé e mì. Mo ní, "Mo ń wá a, sà."

Ní Ọjọ́rú, ìwọ lo gbà mí. O rántí ohun tí o sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo wá kí ọ níbi iṣẹ́ rẹ, tí bàbá kan wá ń wá ìwé tí kò mọ orúkọ rẹ̀? O ò lọ síbi pẹpẹ ìwé. Bàbá náà lo fún ní àga, o bi í pé nígbà wo ló kà á, ta ló fún un, àwọ̀ wo lẹ̀yìn rẹ̀ ní. Mo rántí rẹ̀, mo bá pa kọ̀ǹpútà. Mo gun ọ̀kadà lọ bá Àbúbákr. Òun ló ń ya fídíò níléeṣẹ́ wa kí wọ́n tó gbà mí. Ó ti fi wá sílẹ̀, ó ń tún fóònù ṣe báyìí ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ọjà Mowe. Mo jókòó tì í, mo ní kó sọ gbogbo ohun tó rántí nípa ọjọ́ tí wọ́n rin ààlà.

Ó fi nǹkan tó fi ń tú fóònù họ orí. Ó ní, "Òjò rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Èmi di kámẹ́rà mú, màmá àgbàlagbà kan ló ń di agboòrùn lé mi lórí kí kámẹ́rà má baà tutù. Agboòrùn aláwọ̀ ewé."

Mo ní, "Ibo lo kó o sí nígbà tí o dé?"

"N kò kó o síbì kankan. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ni Ọ̀gá ti gba kámẹ́rà pẹ̀lú káàdì rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ọmọ wọn ń ṣe ọjọ́ ìbí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà."

Qudrah, mo kàn ń wo ẹnu rẹ̀ ni. Àpò fáìlì kan wà lórí háàdì dísìkì kejì tí wọ́n kọ "Jésùtófúnmi Pé Ọmọ Ọdún Márùn-ún" sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọjá lára rẹ̀. Ọmọ Ọ̀gá ni, mo rò pé kò yẹ kí n máa tú nǹkan ilé onílé wò. Mo bẹ Àbúbákr kó tẹ̀ lé mi, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìdajì, a jọ lọ. Fọ́tò kéèkì, fọ́tò bàlúù, àwọn ọmọdé tí àtíkè wà lọ́rùn wọn, igba ó lé méjìlá fọ́tò! Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, fídíò mẹ́ta ló jókòó sísàlẹ̀. Mo tẹ èkejì. Òjò. Etí agboòrùn aláwọ̀ ewé bo apá kan òkè fídíò náà.

Bàbá Láwàlì dúró nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú jálámíà funfun, fìlà wọn ti tutù, wọ́n ń fi ọ̀pá júwe. Ohùn wọn dún ketekete. Wọ́n ní, "Láti odò yẹn títí dé títì, mo ti tà á. Ṣùgbọ́n láti ìdí igi ìyeyè yìí lọ sẹ́yìn, títí dé ibi tí ọ̀pẹ parí sí, ti Sùwéébátù ni. Bàbá wa ló fún un. N kò tà á. Ọmọ tí mo bí náà ò gbọdọ̀ tà á." Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó wọ bàtà òjò, ó ń mi orí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó dáhùn pé, "A ti gbọ́, Bàbá." Ọ̀gá mi ni.

Àbúbákr dìde, ó ní òun ń padà sí ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ tí wọ́n bá bi òun, ohun tí òun yà ni òun yà.

Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá Ọ̀gá. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ títí tó fi wò ó tán. Títí di òní, n kò lè sọ bóyá ó gbàgbé ni, àbí ó rántí tó sì rò pé kò sẹ́ni tó lè rí i nínú pàǹtírí tí a ń pè ní fáìlì. Ó pa á. Ó nu ojú rẹ̀.

"Ta ló tún ti rí i?"

"Àbúbákr, sà."

Ó ní wọ́n ti pín ibẹ̀ fún èèyàn méjì l'Ékòó. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rán mi lọ ra omi: "Tí Màmá bá dé lọ́la, sọ fún wọn pé o wá a, o ò rí i. Gbogbo wa kúkú mọ bí fáìlì wa ṣe rí."

Mo ro owó ilé mi, mo ro àbúrò mi tó wà ní pólì, mo ro bí èèyàn ṣe ń wá iṣẹ́ nílùú yìí tí bàtà á fi jẹ. Mo sì ro ìborùn yẹn lórí itan Màmá. N kò mọ̀ pé mo lè sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi.

"Ẹ má bínú, sà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a. N kò lè fi ẹnu ara mi sọ ọ́ nù padà."

"Ṣé ìwọ lo ni iléeṣẹ́ ni?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ sọ fún Bàbá pé ẹ ti gbọ́."

Ó ní kí n jáde. Mo jáde. Mo palẹ̀ báàgì mi mọ́, mo kó kọ́ọ̀pù tíì mi sínú rẹ̀, torí mo gbà pé iṣẹ́ ti bọ́. Mo lọ sílé. Inú tún wá ń bí mi sí ara mi: tó bá jẹ́ pé mo ti fagídí tò wọ́n láti oṣù àkọ́kọ́, ṣé ọ̀rọ̀ á tó báyìí?

Ní Ọjọ́bọ̀, Màmá ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ṣí géètì. Wọ́n fi tẹ̀sùbáà sọ́wọ́, wọ́n ń kà á. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, n kò lè wo ojú wọn. Ọ̀gá dé, kò kí mi. Ó gbé àga fún Màmá fúnra rẹ̀. Ó wá ní, "Jọmílójú, gbé kọ̀ǹpútà wá. Tan án fún Màmá."

Ohun tó yí i lọ́kàn padà láàárín Ọjọ́rú sí Ọjọ́bọ̀, n kò bi í, kò sì sọ. Mo tan án.

Ìwọ wò ó, mo ti rò pé Màmá á máa na ìka sí igi ìyeyè, pé wọ́n á ní "ṣé ẹ rí i, ṣé mo parọ́?" Wọn ò tilẹ̀ wo ilẹ̀. Ohùn Bàbá ni wọ́n ń gbọ́. Wọ́n súnmọ́ ojú kọ̀ǹpútà díẹ̀díẹ̀ títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó wá kù díẹ̀ kó parí, Bàbá yíjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, wọ́n ní, "Sùwéébátù, di agboòrùn yẹn dáadáa, òjò ń pa ọmọ ọlọ́mọ."

Màmá dáhùn láti orí àga. "Mo ti dì í, Ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n ti sọ ọ́ tán kí wọ́n tó mọ̀. Wọ́n fi ìborùn bo ẹnu. Ọ̀gá dìde, ó dọ̀bálẹ̀ lórí táìsì tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Mo gbàgbé ni."

Màmá wò ó. "O gbàgbé. Ká ní wẹ́n ti wó ilé náà ńkọ́?"

Wọ́n ní kó dìde. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní kí n tún jẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tan án.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta wọ́n lọ hú àwọn òpó náà. Èmi ni mo yà á, mo sì sọ ọ́ lórúkọ kí n tó wọ mọ́tò: ọjọ́, ibi tí a wà, ẹni tó ni ín, ohun tó ṣẹlẹ̀. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni Màmá ń lò, kò lè gba fídíò, nítorí náà mo yọ fọ́tò Bàbá jáde nínú rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ sórí páálí, mo mú un lọ fún wọn. Wọ́n bu ẹ̀gẹ́ fún mi tí mi ò lè gbé tán.

O lè rò pé gbogbo nǹkan ti wá dùn. Rárá o! Ọ̀gá kì í bá mi sọ̀rọ̀ kọjá "káàárọ̀". Èmi ló ní kí n pe àwọn èèyàn méjì ará Èkó yẹn, kí n ṣàlàyé fún wọn pé ibòmíràn la máa fún wọn, ọ̀kan nínú wọn sì bú mi débi tí etí mi fi gbóná. Ó fún mi ní oṣù kan láti to gbogbo fáìlì, kò fún mi ní olùrànlọ́wọ́ kankan. Mo ti kọ ọ́ mọ́ ògiri pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó nǹkan sínú kọ̀ǹpútà láìkọ orúkọ àti ọjọ́ rẹ̀. Wọ́n ní orúkọ tí mò ń kọ ti gùn jù, pé oríkì ni. Mo ti pa ẹgbẹ̀rún mẹ́rin rẹ́ nínú àwọn tó jẹ́ ẹ̀dà ara wọn, ọwọ́ sì ń ro mí títí dé èjìká.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, bí ẹ ṣe ń pín ìwé sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ níbi iṣẹ́ yín, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi bó ṣe wà. Bá mi kí Màmá rẹ, ní kí wọ́n lo oògùn ojú wọn. Kí Bàbá Nusaybah, kí o sì jẹ́ kí Nusaybah fi ọwọ́ tó bá wù ú kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ kan kù. Ṣé o rántí ohùn olóògbé bàbá rẹ tí o gbà sílẹ̀ nínú fóònù, lọ́dún tí wọ́n ń kọ́ Nusaybah ní Fátíhà? Má jẹ́ kó dọ̀la. Dìde báyìí, wá a jáde, kọ orúkọ wọn sí i.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí orí ń fọ́, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀,

Jọmílójú